Èémí Kan Lẹ́yìn Odi

Afẹ́fẹ́ tí ó bo ìlú wa lónìí kì í ṣe ẹ̀bùn ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe é. Nígbà tí àwọn baba ńlá wa gúnlẹ̀ sórí ayé yìí, òkúta tútù ni wọ́n bá, pẹ̀lú òfuurufú kan tí ó ṣófo débi pé, bí ènìyàn bá bọ́ ìbọ̀wọ́ nínú rẹ̀, kí ó tó ka ení, èjì, ọwọ́ náà á ti wú. Wọ́n mọ odi, wọ́n fi òrùlé bo ìlú láti ìkángun dé ìkángun, wọ́n sì kọ́ iléru sí ẹ̀yìn odi, níbi tí wọ́n ti ń yan òkúta kí afẹ́fẹ́ tí ó ti sùn sínú rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ lè jí, kí ó sì jáde. Ìran kan yan òkúta títí ó fi kú. Ìran tí ó tẹ̀ lé e gba ọ̀pá iléru, òun náà yan tirẹ̀. Ohun tí a bá kó jọ ní ìgbà ooru, ìgbà òtútù a gba nínú rẹ̀, a sọ ọ́ di yìnyín sí òpin ayé, níbi tí òtútù ti mú jù. Bí oòrùn bá tún súnmọ́ wa, a ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó bá ṣẹ́kù sí. Báyìí ni òkè orí wa ṣe kúrò ní dúdú, tí ó di àwọ̀ eérú, tí ó sì wá di èyí tí a ń wò lónìí, tí àwọn ọmọdé ń pè ní àwọ̀ àtẹ́lẹwọ́.

Ní ìgbà ooru tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, afẹ́fẹ́ náà wúwo tó. Èmi ni mo kéde rẹ̀, nítorí pé èmi ni olórí ilé-iṣẹ́ tí ń wọn afẹ́fẹ́, ipò tí mo fi ìwé kíkà àti sùúrù dé, tí n kò sì tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún ìlú pé ara kò ní wú mọ́ lẹ́yìn odi. Pé ẹ̀wù òtútù àti ìbòmú tí ó so mọ́ ìgò èémí ti tó. Pé ènìyàn lè jáde ní etí lásán àti ní orí lásán, láìgbé akoto onígíláàsì tí ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀ karí. Mo sì kì wọ́n nílọ̀. Irú afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí jáde ni ó kún inú èyí tí a ṣe. Irú èyí tí ènìyàn ń mí sínú kò tíì sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí ìbòmú rẹ̀ lóde, èémí tí ó bá wà ní àyà rẹ̀ nìkan ni ó ní. Ó lè fi sọ̀rọ̀. Bí ó bá ti tán, kí ó yára bo ẹnu rẹ̀ padà.

Nínú gbogbo ìkéde náà, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ìyá mi mú relé: pé ó lè fi sọ̀rọ̀.

Ó wá bá mi ní ibi iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó jókòó sórí àga tí a fi sílẹ̀ fún àwọn àlejò ọ̀wọ̀, ó gbé àpò rẹ̀ ka orí tábìlì mi láàárín àwọn òṣùwọ̀n, ó sì wo yàrá náà yíká bí ẹni tí ó fẹ́ rà á.

"Ọ̀gá Afẹ́fẹ́, ẹ káàárọ̀ o."

"Ẹ káàárọ̀, mà. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi."

"Kí n wá pè ọ́ ní kí ni? Ṣé kí n pe èyí tí mò ń pè ọ́ nígbà tí o ṣì ń tọ̀ sórí ẹní ni?"

Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi dorí kodò sórí iṣẹ́ wọn. Èjìká wọn ń gbọ̀n.

"Ẹ máa wí, mà. Mò ń gbọ́."

"Mo fẹ́ lọ kí bàbá yín."

Ayan-òkúta ni bàbá mi. Òkè tí wọ́n ń gbẹ́ fún iléru ni ó ya lé e lórí nígbà tí èmi àti àbúrò mi ṣì kéré, ẹsẹ̀ òkè náà ni wọ́n sì sin ín sí, ní ọ̀kánkán ẹnubodè, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sin gbogbo ayan-òkúta. Ìyá mi ní tirẹ̀ jẹ́ adíhò. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń rá kiri ara odi àti òrùlé ìlú, tí wọ́n ń wá ibi tí èémí wa ti ń jò lọ, tí wọ́n sì ń fi oje dí i. Etí ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà ju ojú lọ. Bí wọ́n bá dí ihò kan tán, wọn a dojú kọ ògiri ibẹ̀, wọn a pè é ní ohùn òkè. Bí ohùn bá padà sí wọn ní pípé, ògiri ti dí. Bí kò bá padà, ó ti gba ibì kan jáde, iṣẹ́ kò sì tíì parí. "Ohùn tí kò padà ti bọ́ sínú ihò," ni àwọn adíhò ń wí, wọn a sì fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ ọmọ iṣẹ́ kí wọ́n tó fún un ní oje.

Ẹ̀yìn odi ni àwọn méjèèjì ti pàdé, tọkùnrin tobìnrin nínú akoto. Láyé ìgbà náà, bí rédíò inú akoto bá bàjẹ́, ẹni méjì tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lóde á fi akoto kan akoto, kí ohùn lè gba inú gíláàsì kọjá. Ìyá mi máa ń sọ pé kò sí rédíò tí ó ń bàjẹ́ tó ti bàbá mi ní gbogbo ìlú, pàápàá bí ó bá ti rí òun lókèèrè. Nínú gíláàsì yẹn ni ó ti ń ṣe ìlérí fún un pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò dúró lórí òkè yìí láìdé nǹkan kan sórí, tí òun yóò kì í ní oríkì rẹ̀, tí gbogbo ìlú yóò gbọ́, tí ojú yóò sì tì í. Ìyá mi a ní kí ó lọ yan òkúta ná.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìyá mi máa ń lọ sí ibojì náà. Ṣùgbọ́n nínú akoto ni, gbogbo ohun tí ó bá sì sọ, etí òun fúnra rẹ̀ ni ó ń kó sí. Nígbà tí ó yá, ó fi ẹ̀wù ìta rẹ̀ kọ́ ìṣó, ó ní òun kò lọ mọ́. Ó ní ènìyàn kì í jáde lọ kí ènìyàn kí ó wá jẹ́ pé ara rẹ̀ ni yóò máa bá sọ̀rọ̀. Ó ní ọjọ́ tí ohùn òun bá lè dá rìn dé ọ̀dọ̀ ọkọ òun ni òun yóò tó padà lọ. A dàgbà, a kàwé, mo gba ipò, àbúrò mi ọkùnrin di dókítà. Ìyá mi kò tún ọkọ fẹ́, kò sì lọ sí ẹsẹ̀ òkè.

"Mo gbọ́ pé ohùn ti ń rìn lóde," ni ó wí fún mi ní àárọ̀ ọjọ́ náà. "Ṣé òótọ́ ni, àbí ọ̀rọ̀ ìjọba?"

"Òótọ́ ni, mà. Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n."

"O wọ̀n ọ́n. O ti pariwo níbẹ̀ rí?"

N kò tíì ṣí ẹnu lóde rí. Òṣùwọ̀n ni mo máa ń gbé jáde. N kò rí ìdí tí ènìyàn bí tèmi yóò fi dúró láàárín pápá kí ó máa ké bí ẹni tí ẹrù sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Èmi á bá ọ wò ó."

Àbúrò mi ni ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ di ọ̀nà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ní pálọ̀ ìyá wa, ó gbé etí lé e láyà, ó tún gbé e lé e lẹ́yìn, ó sì mi orí.

"Màmá, ẹ̀dọ̀fóró yín ti gbó. Eruku òrùlé ló kún inú rẹ̀. Tí ẹ bá tú èémí yín dànù nínú òtútù yẹn, ta ló sọ pé òmíì máa tètè wọlé?"

"Ta ni kò gbó? Ìwọ tí mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn lánàá yìí, ṣé o rí bí irun ṣe ń sá fún orí rẹ?"

"Mi ò ṣeré o, mà."

"Èmi náà ò ṣeré. Tóo bá ní kí n má lọ, kò burú. Tí mo bá kú, tí mo dé ọ̀dọ̀ bàbá yín, màá ní dókítà tó bí ló ní kí n má wá kí i."

Àbúrò mi yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bá ìyá yín sọ̀rọ̀."

Mo mọ̀ pé ìgbà ooru ń lọ sópin, pé bí òtútù bá dé, afẹ́fẹ́ yóò tún fúyẹ́, a ó sì ti ẹnubodè títí oòrùn yóò fi padà. Mo mọ ọjọ́ orí ìyá mi pẹ̀lú. "Tí kò bá lọ báyìí," ni mo wí, "ìgbà wo ni?"

Àbúrò mi fara mọ́ ọn pẹ̀lú àdéhùn. Òun ni yóò mú un lọ, nínú ẹ̀wù ìta pípé àti akoto, pẹ̀lú ìgò èémí ńlá lọ́wọ́, kí ohunkóhun tí ó bá ṣẹlẹ̀ má bá òun lójijì. Èémí kan ni ìyá wa yóò lò, kò gbọdọ̀ lo méjì.

Iṣẹ́ wá ku bí èémí kan yóò ṣe gba ohun tí obìnrin náà ní í sọ. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ó ń dúró ní àárín pálọ̀, a fa èémí sínú títí èjìká rẹ̀ yóò fi gòkè, a bẹ̀rẹ̀, ikọ́ a sì dá a dúró ní ìdajì ọ̀nà.

"Ẹ gé e kúrú, mà," ni àbúrò mi wí.

"Kí n gé e kúrú? Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò jọ látìgbà tí ẹ̀yin méjèèjì kò tíì mọ imú nù?"

"Ẹ mú èyí tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀."

"Gbogbo rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Bàbá yín ìbá wà ńbí, ìbá yá mi ní èémí tirẹ̀ kún un."

Ó gé e ṣá. Ó sọ ọ́ di ìdajì méjì. Ìdajì àkọ́kọ́ kò pa mọ́ fún wa: oríkì bàbá mi ni, àti "Èmi ni o, mo ti dé." Bí ó bá ti kan ìdajì kejì, a kọjú sí ògiri, a sọ ọ́ sí abẹ́ èémí, tí ó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ nìkan ni a ń rí. Àbúrò mi bi í léèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

"Ohun tí kò kàn yín ni," ni ó dá a lóhùn, ó sì rẹ́rìn-ín bí ọmọge.

Ọjọ́ pé. Ọ̀sán ni, oòrùn wà ní àárín ọ̀run, kékeré bí bọ́tìnnì ẹ̀wù. Òfin iṣẹ́ mi ni pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣí ẹnu lóde, olórí ilé-iṣẹ́ wa gbọdọ̀ dúró ti òṣùwọ̀n ní ẹnubodè títí onítọ̀hún yóò fi wọlé, nítorí náà n kò lè bá wọn dé ibojì. Èmi àti asọ́bodè ni a jọ dúró, pẹ̀lú ìbòmú lẹ́nu àti etí lásán. Ọkùnrin aláwàdà ni asọ́bodè yìí. Bí ó bá sọ òótọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá a máa béèrè ẹlẹ́rìí. Bí ilẹ̀kùn ti ṣí, tí atẹ́gùn fi kan ìborùn pupa tí ìyá mi wé mọ́rí, ó ké láti inú ìbòmú rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ohùn kọjá etí ẹni tí ó wà nítòsí:

"Afẹ́fẹ́ ti fẹ́ o, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ!"

"Ìwọ yìí," ni ìyá mi wí, "o mọ adìyẹ?"

"Màmá, ọ̀kan gba ibí kọjá lánàá. Ó ní kí n kí yín."

Kò sí ẹni tí ó rí adìyẹ rí nínú wa, bẹ́ẹ̀ ni a kò rí òjò tàbí odò. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kó òwe wá sórí ayé yìí kò yọ nǹkan kan kúrò nínú ẹrù wọn, a kò sì lè parí ìjà kan láìdárúkọ ẹran tí a kò mọ bí ó ṣe rí.

Ìyá mi rìn lọ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Mo ń wo ìborùn pupa náà bí ó ti ń kéré sí i lórí ilẹ̀ olókùúta, títí ó fi dúró ní ẹsẹ̀ òkè. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ojú rẹ̀.

Ohùn kan dìde.

Láàárín ìlú wa, ohùn kì í rìn lóun nìkan. Bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀, òrùlé á gbà á, ògiri á gbà á, wọn á sì dá a padà fún un, débi pé láti ọjọ́ tí a ti bí wa, ohùn wa ni ó ń sọ fún wa pé a ti sọ̀rọ̀. Èyí tí ó dé bá mi ní ẹnubodè kò ní ẹnikẹ́ni lẹ́yìn. Ó wá tààrà láti ẹsẹ̀ òkè, ó tín-ín-rín, ó sì mọ́, kò ní ògiri lára. Mo gbọ́ oríkì bàbá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo gbọ́ "Èmi ni o, mo ti dé." Asọ́bodè ṣí fìlà rẹ̀.

"Ọ̀gá," ni ó wí, kò sì sí àwàdà lẹ́nu rẹ̀, "ṣé Màmá nìyẹn?"

"Ìyá mi ni."

Mo dúró de ìyókù. Kò sí ìyókù. Mo rò pé ó ti rọra sọ èyí tí ó kàn sí ilẹ̀, bí ó ti ń sọ ọ́ sí ògiri, kí àwa má bàa gbọ́. Mo rí i tí ó bo ẹnu rẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí a fi mí jẹ olórí lọ, mo sì ń to ọ̀rọ̀ tí n ó fi kí i.

Nígbà tí ó dé, kò wo ojú mi. Ó wọ yàrá tí ó wà láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì, ó dúró títí a fi ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó bọ́ ìbòmú rẹ̀.

"Kò lọ," ni ó wí.

"Kí ni kò lọ, mà?"

"Ohùn mi. Mo pè é, mo dákẹ́ kó padà. Kò padà. Ó bọ́ sínú ihò. Kí ni mo tún fẹ́ máa sọ ìyókù fún?"

"Màmá, ó lọ! Mo gbọ́ yín. Oríkì Bàbá, mo gbọ́ ọ délẹ̀délẹ̀."

Ó fi ọwọ́ kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́. "O ṣeun, ọmọ mi. Ọmọ tó ń tu ìyá rẹ̀ nínú kò ní rí ìbànújẹ́."

"Mi ò tù yín nínú! Mo gbọ́ yín ni. Ẹ bi asọ́bodè."

"Ó dé etí mi, Màmá," ni asọ́bodè wí. "Kí n kú tí mo bá ń parọ́."

"Ìwọ tí adìyẹ kí?"

Ó yíjú sí àbúrò mi. Àbúrò mi gbé akoto rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní orí, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Mo ṣẹ́jú sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò mọ irọ́ pa láti kékeré.

"Èmi wà nínú akoto, mà," ni ó wí. "Mo rí i tí ètè yín ń mì. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ẹ ò rí i?" ni ìyá mi wí, ó sì gbé àpò rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti dákẹ́. Kì í ṣe ìbínú ni; ìbínú ìbá sàn. Ó ń jẹun, ó ń dá àwọn ará àdúgbò lóhùn, ṣùgbọ́n bí mo bá wọlé, ó máa ń wò mí pẹ̀lú àánú, bí ẹni tí ó mọ̀ pé ọmọ òun ṣiṣẹ́ kára tí iṣẹ́ náà kò sì jẹ́. "Ẹ gbìyànjú," ni ó máa ń wí. "Bàbá yín náà gbìyànjú. Tó bá di ìran mìíràn, ó ṣeé ṣe kó dé ibẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju èébú lọ. Ó kó iṣẹ́ gbogbo àwọn òkú wa dé orí òkè yẹn, ó sì sọ pé ó kù díẹ̀ káàtó.

Mo ṣàlàyé fún un. Mo ya odi sórí bébà, mo ya ohùn bí ó ti ń lu ògiri tí ó sì ń padà. Mo ya pápá, mo fi hàn án pé níbi tí kò sí ògiri, kò sí ohun tí yóò dá ohùn padà, ọ̀nà tirẹ̀ ni yóò máa bá lọ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ó wo àwòrán náà dáadáa.

"Ó dára," ni ó wí. "Ìwé ni. Èmi ń sọ ohun tí etí mi sọ fún mi. Etí yìí ni mo fi dí gbogbo ihò tó wà lókè orí yín, ẹ sì wà láàyè."

Òótọ́ ni.

Ní ibi iṣẹ́, abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Yìnyín ti ń bọ́ ní òpin ayé. Mo mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí n ó fi pàṣẹ pé kí wọ́n ti ẹnubodè. Nígbà náà ni mo lọ bá a nínú ilé ìdáná, níbi tí ó ti ń fọ abọ́.

"Màmá, mo fẹ́ lọ kí bàbá mi."

Ó dúró pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. "Ìwọ?"

"Mi ò tíì lọ rí látìgbà tí mo ti dàgbà. Ẹ ò ní sìn mí dé ẹnu ọ̀nà?"

Ìyá wo ni yóò kọ̀? Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wá ìborùn pupa náà. Àbúrò mi tẹ̀ lé wa, ó ń kùn pé ẹnu ọ̀nà ni ìyá òun yóò dúró sí, pé ìbòmú kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mo fi igbákejì mi ti òṣùwọ̀n, bí òfin ti wí bí ó bá jẹ́ olórí ni ó ń jáde, mo sì jáde.

Ilẹ̀ náà le. Òtútù ti ń bù mí létí jẹ kí n tó dé ìdajì ọ̀nà. Mo dé ibojì bàbá mi, òkúta pẹlẹbẹ kan láàárín òkúta mìíràn, mo kí i nínú ọkàn mi, mo sì yí padà. Ẹnubodè wà lọ́hùn-ún, ìborùn pupa wà níbẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ abẹ́rẹ́ lára aṣọ. Mo fa èémí sínú. Mo ṣí ìbòmú.

Atẹ́gùn ta mí lójú, ó ta mí nímú. Mo wá rí i pé èmi tí mo ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn, n kò múra ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ohun tí ọmọ ń pè bí ilẹ̀ bá yọ̀ ọ́ ni ó ti ẹnu mi jáde.

"Ìyá mi o!"

Kò padà. Bí ohùn náà ti fi ẹnu mi sílẹ̀, ó lọ, mo sì wà níbẹ̀ láìsí ẹ̀rí kankan pé mo ti sọ̀rọ̀. Ó dàbí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ ti ògiri tí ògiri kò sì sí níbẹ̀. Èmi tí mo yà á sórí bébà, ẹ̀rù bà mí. Fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, mo gba ìyá mi gbọ́ ju ìwé mi lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìborùn pupa náà fò sókè. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lọ sí ojú rẹ̀, mo rí àbúrò mi tí ó na ọwọ́ láti dá a dúró, ó sì ti pẹ́ jù. Ọmọ pe ìyá rẹ̀ lóde; kò sí dókítà tí ó lè di ẹnu ìyá náà.

"Mo gbọ́ ọ o! Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi o! Mo gbọ́ ọ!"

Ó dé ọ̀dọ̀ mi ní kedere, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti òkèèrè. Mo bo ẹnu mi, mo sì ń sunkún sínú ìbòmú bí òmùgọ̀.

Nígbà tí mo fi dé ẹnubodè, wọ́n ti gbé e wọlé. Ikọ́ ti mú un. Orí bẹ́ẹ̀dì ni ó wà ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ìgò èémí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń tàn bí ojú ọmọ tí a kò tíì nà rí.

"Ó ń lọ," ni ó ń wí. "Ó ń lọ lóòótọ́! Kì í padà ni, ṣùgbọ́n ó ń lọ."

"Mo wí fún yín, mà."

"O wí fún mi. Jẹ́ kí n simi." Ó mí, ó tún mí. "Nígbà náà, ó gbọ́ mi?"

"Gbogbo ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ náà dé ibi tí mo wà, mà. Ibi tó wà súnmọ́ yín jù mí lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà sì rọlẹ̀, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀rọ̀ náà ti ń wọ̀ ọ́ lára.

"Mo gé e," ni ó wí. "Yéè, mo gé e! Mo pè é, mo ní mo ti dé, mo wá dákẹ́, mo kẹ́yìn sí i, mo bá tèmi lọ. Irú ìyàwó wo nìyẹn? Èyí tó dùn níbẹ̀ ló ṣẹ́kù."

"Ẹ sọ ọ́ fún mi, mà. Màá bá yín jíṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó ti ẹnubodè."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ? Ọ̀rọ̀ ọkọ mi? Lọ fẹ́ tìrẹ."

Àbúrò mi tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà fi ọwọ́ bo ẹ̀rín.

Ìyá wa di ọwọ́ mi mú títí oorun fi ń kùn ún. Kí ó tó sùn, ó béèrè bí ohùn òun ti rí lóde, nítorí pé òun nìkan ni kò gbọ́ ọ bí àwọn ènìyàn ṣe gbọ́ ọ. Mo sọ fún un pé ó dàbí ohùn ọmọge. Ó ní irọ́ ni mo ń pa, ó sì ní kí n tún un sọ.

A ti ti ẹnubodè. Abẹ́rẹ́ ti wálẹ̀ dé ibi tí ó máa ń dé ní ìgbà òtútù, bí ó tilẹ̀ ga ju ti èṣí lọ díẹ̀. Àbúrò mi ti là á mọ́lẹ̀ fún mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn: ẹ̀dọ̀fóró ìyá wa kò lè gba kí ó tún tú èémí rẹ̀ sóde mọ́, àfi bí ó bá jẹ́ pé èyí tí ó wà lóde ni yóò mí padà sínú. Irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, òkúta yíyan kò lè ṣe é. Ewéko ni yóò mí i jáde fún wa, ní àyè gbalasa, lórí ilẹ̀ tí yìnyín kì í jẹ́ kí ohun tí a gbìn hù. Mo ti ṣírò ìgbà tí yóò gbà. N kò sọ ọ́ fún ìyá mi, òun náà kò sì bi mí. Ní àárọ̀ yìí, mo gbé abọ́ erùpẹ̀ àkọ́kọ́ sí yàrá òtútù tí ó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ wa, mo sì fọ́n irúgbìn sí i.

Ìyá mi jẹ bàbá mi ní ìdajì ọ̀rọ̀. Èmi jẹ ìyá mi ní afẹ́fẹ́ tí yóò fi sọ ọ́.